Bí a ṣe ń tú irun tó ta kókó lára ológbò onírun gígùn tó máa ń bẹ̀rù

Nígbà tí ọwọ́ mi kọ́kọ́ ba kókó kan lábíyá Òwú, ológbò mi, àyà mi já. Ó le bí èkùrọ́, ó sì lẹ̀ mọ́ ara. Mo rò pé àìsàn ni. Ìgbà tí mo tú irun ibẹ̀ wò ni mo rí i pé irun lásán ló lọ́ pọ̀, tó sì dì.

Òwú jẹ́ abo ológbò ẹ̀yà Persian, funfun látòkè délẹ̀. A gbà á lọ́wọ́ ìdílé kan tó ń kó kúrò n'Ìbàdàn. Bó bá ti rí òòyà lọ́wọ́ èèyàn báyìí, ó ti wọ abẹ́ ibùsùn. Mo ka kókó 11 sí i lára. Ọ̀sẹ̀ 3 ni mo fi tú 9 nínú wọn. Dókítà ẹranko ló bá wa gé 2 tó kù. Àwọn tó ń sin irú ológbò báyìí ń pọ̀ sí i láàárín wa, ṣùgbọ́n ẹni tó lè fi ìtọ́jú irun rẹ̀ hanni ṣọ̀wọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí.

Àwọn kan á sọ pé ṣe ni ká fi í sílẹ̀, ṣé àwa náà kò ní Dàdá ni? Irun Dàdá kì í ṣe àìsàn, ẹwà ọmọ ni. Ti ológbò kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá gbẹ́sẹ̀ ni kókó ń fa awọ rẹ̀. Atẹ́gùn kì í dé abẹ́ rẹ̀, ooru àti ọ̀rinrin á mú kí ibẹ̀ pọ́n, á di egbò, eégbọn á sì rí ibi sá pamọ́ sí. Bí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ bá wá lẹ̀ mọ́ ọn, eṣinṣin á yé sí i, ìdin á sì débẹ̀. Nínú ooru tiwa yìí, kì í pẹ́ rárá.

Ohun tó ń fà á

Ìpele méjì ni irun rẹ̀ pín sí: irun gígùn tó bo òkè, àti irun múlọ́múlọ́ tó wà nísàlẹ̀ nítòsí awọ. Irun ìsàlẹ̀ yìí máa ń re bí ẹyẹ ṣe ń re ìyẹ́. Lára ológbò onírun kúkúrú, èyí tó bá re á já bọ́ sórí àga àti aṣọ wa. Lára onírun gígùn, irun òkè kì í jẹ́ kó rí ọ̀nà jáde. Á há sáàárín, á máa lọ́ bí ẹran náà ti ń rìn tó sì ń sùn lé e, á wá dì. Ìyẹn ló fà á tí kókó fi máa ń pọ̀ níbi tí ara ti ń ra ara: ẹ̀yìn etí, ọrùn níbi tí kọ́là ń wà, abíyá, ikùn, àárín itan ẹ̀yìn, àti ìdí ìrù.

Ẹ̀gún kéékèèké wà lórí ahọ́n ológbò, òun ló fi ń ya irun ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó ti dàgbà tí oríkèé ń ro, èyí tó sanra jù tí ẹnu rẹ̀ kò dé ẹ̀yìn, àti èyí tí eyín ń dùn, kò ní lè lá ara rẹ̀ bó ṣe yẹ. Nítorí náà, bí ológbò yín tó máa ń mọ́ tẹ́lẹ̀ bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í ta kókó, ẹ má sọ pé ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Ẹ jẹ́ kí dókítà ẹranko wo ẹnu àti oríkèé rẹ̀ kí ẹ tó ronú kan òòyà.

Awọ ni kí ẹ máa rò, kì í ṣe irun

Awọ ológbò fẹ́lẹ́, ó sì máa ń nà. Bí kókó bá ti pẹ́, á fa awọ sókè wọ inú ara rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn fi ìka méjì fa aṣọ tó tẹ́ sílẹ̀ sókè láàárín. Ẹ̀yin á máa wo ìdí kókó, ẹ ó rò pé irun lẹ̀ ń wò, awọ sì ni.

Ẹ má fi sísọ́ọ̀sì gé e. Mo mọ̀ pé òun ló wà nílé, mo sì mọ̀ pé òun ló yá jù. Òun náà ló ń ya awọ ológbò tí wọ́n fi ń gbé e dìgbàdìgbà lọ síbi tí wọ́n á ti rán an. Bí ẹran náà bá fò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tí ẹnu àlùmọ́gàjí wà nítòsí ìdí kókó, ó parí. Kò sí bí ọwọ́ yín ṣe lè rọra tó tí mo lè fi yí ọ̀rọ̀ yìí padà.

Ẹ má wẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú. Ìwẹ̀ kì í tú kókó. Bí omi bá wọ inú rẹ̀, á fún mọ́ra, á le bí okùn tí òjò pa tó wá gbẹ sóòrùn. Ẹ̀yìn tí ẹ bá ti tú gbogbo rẹ̀ tán ni ọ̀rọ̀ omi tó kàn.

Ohun èlò

Kò pọ̀. Òòyà irin kan tí eyín rẹ̀ jìnnà síra tí ẹnu eyín náà kò sì mú. Òòyà onírọ́bà ti èèyàn máa ń kán, irun sì máa ń há sí i. Sítáàṣì àgbàdo funfun, èyí tí wọ́n ń tà ní kọ́ǹfuláwà, ṣíbí kan tó. Táwẹ̀lì ńlá kan tó nípọn. Ẹja tí ẹ bọ̀ láìsí iyọ̀, láìsí ata, láìsí àlùbọ́sà àti aáyù, nítorí májèlé ni àlùbọ́sà àti aáyù jẹ́ fún ológbò. Bí ẹ bá lè ra kílípà, ẹ ra èyí tó ń lo bátìrì tí ariwo rẹ̀ kò pọ̀, pẹ̀lú abẹ nọ́ńbà 10, tó máa ń fi irun bíi mìlímítà kan àtààbọ̀ sílẹ̀ lára.

Ẹ má yá kílípà onígbàjámọ̀, ẹ má sì gba ti ẹni tó fi gé irun ajá. Làpálàpá ń tinú kílípà ran ẹranko, ẹ̀yà Persian sì wà lára àwọn tó máa ń gbé e kiri jù. Láti ara ológbò ló ti ń bọ́ sára ọmọ inú ilé.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan kókó kankan

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kánjú, ibí yìí gan-an niṣẹ́ náà sì wà. Fún ọjọ́ 4 tàbí 5, ẹ má tú nǹkan kan. Ẹ gbé òòyà sílẹ̀ níbi tí ológbò ti ń jẹun, kó wá gbóòórùn rẹ̀ fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ mú òòyà náà dání, ẹ fún un lẹ́ja. Bí òòyà bá ti jáde, ẹja ń bọ̀. Bí òòyà bá wọlé, ẹja tán. Kí ó tó ọjọ́ kẹrin, Òwú ti ń jáde lábẹ́ ibùsùn bó bá gbọ́ ìró òòyà lórí táìsì. Ìgbà yẹn ni mo tó fi ẹ̀yìn òòyà, kì í ṣe eyín rẹ̀, kàn án ní ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Láàárín ọjọ́ wọ̀nyí kan náà, ẹ máa fọwọ́ pa á lára bí ẹ ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, ẹ fi ìka wá gbogbo kókó tó wà níbẹ̀. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀: ibi tó wà, bó ṣe tóbi, bóyá ẹ lè rí awọ láàárín òun àti ara. Èyí tí ìka yín lè wọ abẹ́ rẹ̀ kò tíì burú. Èyí tó lẹ̀ mọ́ awọ pátápátá, ẹ sàmì sí i, kì í ṣe ti òòyà.

Ẹ kọ́ bí ẹ ṣe ń ka ara rẹ̀. Etí tó tẹ̀ sẹ́yìn, ìrù tó ń na ilẹ̀, awọ ẹ̀yìn tó ń gbọ̀n pìpì, dúdú ojú tó fẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ẹyinjú: gbogbo rẹ̀ ń sọ pé ó tó. Ohùn tó ń dún rùrù láyà rẹ̀ kò fi gbogbo ìgbà túmọ̀ sí ìgbádùn o. Ológbò tí ẹ̀rù ń bà náà máa ń ṣe é. Bó bá wá la ẹnu tó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá, ẹ fi í sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ gbé e síbi tó tutù, ẹ má sì padà sídìí iṣẹ́ náà lọ́jọ́ yẹn. Bí kò bá dúró láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ilé ìwòsàn ẹranko ló kàn.

Ọjọ́ iṣẹ́

Ẹ yan ọ̀sán, lẹ́yìn tó ti jẹun tó sì ti ṣeré, tí oorun fẹ́ máa kùn ún. Kí jẹnẹrétọ̀ má ṣiṣẹ́ nítòsí, kí àwọn ọmọ wà níta, kí ilẹ̀kùn wà ní títì. Ẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí ẹní. Bí ológbò bá wà lórí tábìlì tó ń yọ̀, ìbẹ̀rù rẹ̀ á di méjì. Bí ẹ bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń gé èékánná ológbò, ẹ gé ṣóńṣó rẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú, kì í ṣe lọ́jọ́ yìí.

Ibi tó fẹ́ràn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: ẹ̀rẹ̀kẹ́, abẹ́ àgbọ̀n, òkè ẹ̀yìn. Ẹ ya ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin, ẹ fún un lẹ́ja. Lẹ́yìn náà kí ẹ mú kókó kan, èyí tó kéré jù tó sì jìnnà sí ikùn jù.

Ẹ bu kọ́ǹfuláwà díẹ̀ sórí rẹ̀, ẹ fi ìka rà á wọ inú. Ìyẹ̀fun yìí ló ń jẹ́ kí irun yọ̀ lára ara wọn.

Ẹ wá fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ọwọ́ òsì di ìdí kókó mú, láàárín kókó àti awọ. Ẹ má tú u sílẹ̀ títí ẹ ó fi parí. Ọwọ́ òsì yìí ni gbogbo iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀: ó gbọ́dọ̀ mú irun náà ṣinṣin tó bẹ́ẹ̀ tí ohun yòówù tí ọwọ́ ọ̀tún bá ń fà kò ní dé ara. Bí ẹni tó ń dirun fún ọmọdé ṣe máa ń di ìdí irun mú kó má baà dun ún lórí, bẹ́ẹ̀ náà ni.

Ẹ fi ìka ọwọ́ ọ̀tún ya kókó náà sí méjì láti ẹnu rẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹ tún ya ìdajì sí méjì. Ẹ má ti òkè bọ̀ sísàlẹ̀, ẹ má sì fà á jáde. Ṣe lẹ ó máa ṣí i bí ẹni ń ran òwú. Ìgbà tó bá ti tú díẹ̀ ni kí ẹ tó mú òòyà, ẹ fi eyín méjì mẹ́ta ìparí rẹ̀ nìkan ya ẹnu irun náà, kí ẹ wá máa sún mọ́ ìdí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí òòyà bá há, ẹ yọ ọ́, ẹ padà sí ìka.

Ìṣẹ́jú 3 péré. Bí kókó bá tú ìdajì, ó tú ìdajì. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, ìdajì tó kù á wà níbẹ̀ lọ́la. Ẹ dáwọ́ dúró nígbà tí ara rẹ̀ ṣì balẹ̀, kí ẹ fún un lẹ́ja tó kù, kí ẹ jẹ́ kó lọ. Lójú tèmi, èyí lohun tó ṣòro jù nínú gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹfà, ó ku fínní kí kókó ẹ̀yìn etí ọ̀tún tú tán, ìrù Òwú sì ti ń na ilẹ̀. Mo ní kí n kàn parí rẹ̀. Ó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ó sì gbà mí ní ọjọ́ 4 mìíràn kí ó tó tún wá jókòó nítòsí òòyà. Ìṣẹ́jú kan ni mo fẹ́ jèrè, ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi san án.

Fún ibi tí kò fẹ́ kí a fọwọ́ kàn, ẹ lo táwẹ̀lì. Ẹ tẹ́ ẹ, ẹ gbé ológbò sí i láàárín, ẹ fi apá kan bò ó, kí ẹ fi èkejì wé e, kí ó jẹ́ pé ibi tí ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́ lé lórí nìkan ló yọ síta. Bí ẹ bá fi etí táwẹ̀lì bo ojú rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ láìdí i nímú, ara rẹ̀ sábà máa ń rọ̀. Ẹni kejì lè máa mú un, kí ó sì máa bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ má ṣe fa awọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ mú bí ìyá ológbò ṣe ń gbé ọmọ. Àgbà ológbò kì í fara balẹ̀ nítorí ìyẹn, ẹ̀rù ló ń mú kó gan.

Àwọn tí ìka kò ká

Kókó tó lẹ̀ mọ́ awọ, kílípà ló ni ín. Ẹ kọ́kọ́ mú kó mọ ariwo rẹ̀: ẹ tan án ní yàrá kejì nígbà tó ń jẹun, lọ́jọ́ kejì ẹ gbé e sún mọ́lé díẹ̀, títí ẹ ó fi lè tan án nítòsí rẹ̀ láìjẹ́ pé ó sá. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹ̀yìn kílípà tó ń gbọ̀n kàn án ní èjìká.

Nígbà tí ẹ bá máa gé e, ẹ fi ọwọ́ kan na awọ ibẹ̀ kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Kí abẹ kílípà sùn lé awọ, kó má dúró sóòró, kó sì máa wọ àárín awọ àti kókó níwọ̀nba. Ẹ má fa kókó sókè láti ríbi gé. Ńṣe lẹ ń fa awọ bọ́ sẹ́nu abẹ nìyẹn. Ní gbogbo ìṣẹ́jú kan, ẹ fi abẹ náà kan ọrùn ọwọ́ yín. Bó bá gbóná, ẹ pa á, kó tutù, nítorí irin gbígbóná ń jó awọ láìjẹ́ pé ẹ rí i. Ẹ ṣọ́ra gidi lábíyá, ní awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó so itan ẹ̀yìn mọ́ ikùn, létí etí, àti ní orí ọmú. Akọ ológbò náà ní orí ọmú o, irun ló bò ó.

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ kan ara rẹ̀

Ohun yòówù tí ẹ bá fi sára ológbò, ó máa lá a. Ẹ fi èyí sọ́kàn kí ẹnikẹ́ni tó dá yín nímọ̀ràn. Kẹrosíìnì tí àwọn kan ń fi lé eégbọn, májèlé ni. Ọ̀tápíápíá, májèlé ni. Oògùn eégbọn ajá tó ní permethrin nínú lè pa ológbò. Òróró tea tree náà kò dára fún un. Ìpara ìfarun àti kírímù irun wa kò sí fún un. Àdí àgbọn kò le tó ìyẹn, ṣùgbọ́n á kó eruku mọ́ra, á sì ṣí i nínú bó bá lá a púpọ̀. Èmi kì í lò ó. Bó bá jọ pé ibì kan ń dùn ún, ẹ má fún un ní parasitamọ́ọ̀lù. Ìwọ̀nba díẹ̀ rẹ̀ ń pa ológbò.

Ìgbà tó yẹ kí dókítà gba iṣẹ́ náà

Bí kókó bá ti so pọ̀ mọ́ra lẹ́yìn tàbí níkùn tó fi dà bí ẹní kan ṣoṣo. Bí ibẹ̀ bá ń rùn, tó pọ́n, tó sì ń ṣomi. Bí irun bá ti dí ihò ìdí tí kò jẹ́ kó yàgbẹ́. Bí ẹ bá rí ìdin. Tàbí bí ìbẹ̀rù rẹ̀ bá pọ̀ ju pé kó gba òòyà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ẹja àti sùúrù, ẹ má bá a jà nílé. Dókítà ẹranko lè fi oògùn kùn ún lóorun kí wọ́n sì gé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìjẹ́ pé ẹran náà mọ̀. Yunifásítì Ìbàdàn ní ilé ìwòsàn ẹranko, FUNAAB, yunifásítì ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Abẹ́òkúta, náà ní.

Fún ológbò tí ẹ̀rù máa ń bà jù, ẹ béèrè nípa oògùn tó ń jẹ́ gabapentin. Ọ̀pọ̀ dókítà máa ń ní kí a fún ológbò ní oògùn yìí lẹ́nu ní nǹkan bí wákàtí méjì kí a tó gbé e kúrò nílé, kí ara rẹ̀ lè balẹ̀. Àwọn ni yóò wọn ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ má ra ti èèyàn fún un. Bó bá ti dàgbà, wọ́n lè ní kí àwọn yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí wọ́n tó fún un ní oògùn oorun. Ẹ gbà fún wọn.

Bó bá gé yín jẹ, ẹ má fojú kékeré wò ó nítorí pé ihò rẹ̀ kéré. Eyín ológbò tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń wọlé jinlẹ̀, ojú rẹ̀ á sì pa dé lé kòkòrò lórí. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ sọ bóyá ológbò náà ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi.

Lẹ́yìn tí kókó ti kúrò

Awọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ lè pọ́n, ó lè máa hó díẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Bí kò bá rọ̀ láàárín ọjọ́ méjì, tàbí bó bá ń lá a ṣáá, ẹ pe dókítà. Ẹ má jẹ́ kí èyí tí wọ́n gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀ jókòó sóòrùn, pàápàá bó bá jẹ́ funfun, nítorí oòrùn ń jó awọ tó ṣí sílẹ̀. Irun náà máa ń tó oṣù 4 sí 6 kó tó padà. Bí ológbò mìíràn bá wà nílé, ó lè máa halẹ̀ mọ́ ọn fún ọjọ́ kan tàbí méjì nítorí òórùn ilé ìwòsàn tó gbé wálé. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ díẹ̀.

Láti ìgbà náà, ìṣẹ́jú kan lójoojúmọ́ ló kù. Ìka ló máa kọ́kọ́ lọ: ẹ̀yìn etí, abíyá, ikùn, àárín itan, ìdí ìrù. Òòyà á tẹ̀ lé e, ẹja á tẹ̀ lé òòyà. Ẹ bọ́ kọ́là kúrò lọ́rùn rẹ̀ nínú ilé. Bí ẹ bá wẹ̀ ẹ́, ẹ yàrun rẹ̀ kí omi tó kàn án, ẹ sì rí i pé ó gbẹ dé ìdí.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni tiwa. Òwú máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó ń gbà kí n ya gbogbo ara rẹ̀ báyìí, àfi abíyá. Ibẹ̀ kò tíì gbà ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ. Ìṣẹ́jú àáyá 10 náà ni mo ń lò níbẹ̀.